Ṣé O Mọ̀ Pé Ìwé Ìfẹ́ Wà Lábẹ́ Títì Márosẹ̀?

Ìwọ tí o máa ń tan tọ́ọ̀ṣì lábẹ́ aṣọ ìbora kí o lè mọ̀ bóyá ọmọbìnrin inú ìwé á dárí ji ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ ẹ́, ìwọ gan-an ni mo ń wá! Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣa ìyanu inú ìwé ìfẹ́ jọ, mo sì ti rí okùn kan tó so gbogbo wọn pọ̀: ẹni tó pé kọ́ ni ìfẹ́ rẹ̀ ń wọ òǹkàwé lára jù, ọ̀dọ́ tó fani mọ́ra, tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, àmọ́ tó tún ń ṣi ẹsẹ̀ gbé ni. Ó yá, jẹ́ ká máa tú wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí wọ́n ń ṣe títì márosẹ̀ M6 Toll ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2003, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.5 ìwé ìfẹ́ Mills & Boon tí kò tà ni wọ́n lọ̀ mọ́ ọ̀dà? Ìwé lílọ̀ yẹn ló ń bá wọn di ọ̀dà àti òkúta mú, torí náà ẹni tó bá wa mọ́tò gba ibẹ̀ kọjá, orí ìfẹ́ ni táyà rẹ̀ ń yí!

Ìwọ rò pé obìnrin ló dá Mills & Boon sílẹ̀, àbí? Ọkùnrin méjì ni, Gerald Mills àti Charles Boon, ní 1908. Ṣùgbọ́n obìnrin ló kọ ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀, Sophie Cole lorúkọ rẹ̀.

Àwọn ìwé pẹlẹbẹ yìí náà ni àwọn ọmọ iléèwé girama ní Nàìjíríà ń pè ní “M and B”, tí wọ́n ń fi bébà ìwé ìròyìn bo ẹ̀yìn rẹ̀ kí tíṣà má baà fura. Má wo ẹlòmíràn, ìwọ náà wà ńbẹ̀!

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Ṣé o mọ̀ pé obìnrin tó gba ẹnu gbogbo Èkó kan ní 1929 kò sí láyé rí? Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ni. Inú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ló ti ń kọ lẹ́tà nípa ẹgbẹ̀rún ọkọ tó ní láyé, àwọn òǹkàwé sì gbà pé èèyàn gidi ni.

Ta wá ni Sẹ̀gilọlá? Di ara rẹ mú o: ọkùnrin ni! Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà fúnra rẹ̀, ló jókòó tó ń kọ gbogbo lẹ́tà ọ̀hún.

Àbí o rò pé ọdẹ àti iwin ló kọ́kọ́ dé inú ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá? Ìtàn Sẹ̀gilọlá di ìwé ní 1930, ọdún 8 gbáko kí Fágúnwà tó gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde; olólùfẹ́ tó ń ka àbámọ̀ ló ṣáájú, iwin ló tẹ̀ lé e.

Ọmọkùnrin kan, ọmọbìnrin mẹ́ta, yunifásítì kan: ohun tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá fi kọ Ó Le Kú ní 1974 kò ju bẹ́ẹ̀ lọ! Àjàní fẹ́ Àṣàkẹ́, ó fẹ́ Lọlá, ó fẹ́ Ṣadé, ìyá rẹ̀ sì ń bi í pé ìyàwó dà. Bó ṣe wá parí, o ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ìwé ìfẹ́ kan ló sọ aṣọ kan lórúkọ nílẹ̀ Yorùbá, ṣé o mọ̀ ọ́n? Túndé Kèlání sọ Ó Le Kú di fíìmù ní 1997, ìró kúkurú àti bùbá àtijọ́ tí àwọn ọmọge inú rẹ̀ wọ̀ tún padà gba ìgboro, “òlékú” la sì ń pè é títí dòní.

Gba èyí náà: ọwọ́ kan náà tó kọ Àjàní tí kò mọ èyí tí yóò mú nínú obìnrin mẹ́ta ló kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, ìyálóde tí Ìbàdàn ń gbọ̀n fún. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni Ìṣọ̀lá nígbà tó kọ ti Ẹfúnṣetán!

Kí fídíò tó dé, orí bébà ni a ti ń wo eré. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni ìwé Atọ́ka ti ń fi fọ́tò àwọn òṣèré gidi sọ ìtàn, tí a sì ń kọ ọ̀rọ̀ tí oníkálukú ń sọ sára fọ́tò rẹ̀. O lè rí ojú ẹni tí wọ́n já kulẹ̀ kedere.

Aṣọ àti ìkòkò nìkan kọ́ ni wọ́n ń tà lọ́jà Oníṣà, ìfẹ́ wà lórí àtẹ pẹ̀lú! Ní 1956 ni Ogali A. Ogali gbé Veronica My Daughter jáde níbẹ̀, eré ọmọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ fẹ́ fi fún olóyè, tó sì fárígá pé Michael òun lòun fẹ́.

Ta ló rò pé apoògùn lè kọ ìwé ìfẹ́? Cyprian Ekwensi, tó kọ́ṣẹ́ ìpoògùn, ló kọ When Love Whispers ní ìparí àwọn ọdún 1940, ọ̀kan lára àwọn ìwé tó la ọ̀nà fún ọjà Oníṣà.

O rántí Pacesetters, àwọn ìwé tí gbogbo kíláàsì máa ń yá ara wọn títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi ya? Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni Macmillan ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wọ́n, wọ́n sì lé ní 100; Evbu My Love ti Helen Ovbiagele, tó jáde ní 1980, wà lára wọn.

Èyí á yà ọ́ lẹ́nu: àbúrò ọ̀gágun Murtala Mohammed, olórí ìjọba Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, wà lára àwọn òǹkọ̀wé ìfẹ́ tó lókìkí jù lédè Haúsá! Balaraba Ramat Yakubu ni. Ẹ̀gbọ́n ń pàṣẹ fún ọmọ ogun, àbúrò ń pàṣẹ fún ọkàn òǹkàwé.

Ní 2007 ni wọ́n dáná sun ìwé ìfẹ́ ní gbangba ní Kánò. Kò ju ọdún 5 lọ lẹ́yìn náà tí ọ̀kan nínú ìwé Balaraba di èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣé o sì mọ ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́? Ìlú Chennai, ní ilẹ̀ Íńdíà!

Ìwé mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà! Bí ilé ìtẹ̀wé Cassava Republic ṣe tú Ankara Press sílẹ̀ ní December 2014 nìyẹn, kí ìfẹ́ tó ń ṣẹlẹ̀ ní Èkó, Àbújá àti Johannesburg lè ní ìwé tirẹ̀.

Ẹ̀bùn Ọjọ́ Olólùfẹ́ wo ló dára tó èyí? Ní February 2015, Ankara Press fi ìtàn ìfẹ́ 7 ta àwọn òǹkàwé lọ́rẹ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n túmọ̀ wọn sí àwọn èdè Áfíríkà, wọ́n sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Èdè Yorùbá wa kò gbẹ́yìn.

Olè fo fẹ́ǹsì wọ ilé opó, ó sì jí ọkàn rẹ̀ lọ! Nínú Season of Crimson Blossoms tí Abubakar Adam Ibrahim kọ, ẹni ọdún 55 ni Hájíyà Binta, olórí ìpátá àdúgbò ni Reza tó kéré sí i púpọ̀. Ìwé náà sì gba ẹ̀bùn 100,000 dọ́là ti iléeṣẹ́ gáàsì NLNG ní 2016.

Ìtàn 12 ni Dámiláre Kuku kó sínú ìwé kan ní 2021 láti fi ọkùnrin Èkó ṣe ẹ̀fẹ̀. Nearly All the Men in Lagos Are Mad ló pè é. Bó o bá jẹ́ ọkùnrin Èkó, yá a kà kó o rí i bóyá o wà níbẹ̀.

Ní Abidjan ńkọ́? Ní 1998 ni ilé ìtẹ̀wé kan níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn ìwé ìfẹ́ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Adoras, lédè Faransé, tí olólùfẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú látòkè délẹ̀.

Yorùbá ní London

Ọmọbìnrin kan kìlọ̀ fún gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí rédíò pé kí wọ́n ṣọ́ra fún ọmọkùnrin kan, lẹ́yìn náà ló wá fẹnu ko ọmọkùnrin náà lẹ́nu níṣojú gbogbo ayé! Kíkí Bánjọ nìyẹn nínú Honey & Spice tí Bólú Babalọlá kọ ní 2022, Malakai Kóredé sì ni ọmọkùnrin ọ̀hún.

Ta ló gbé Kíkí Bánjọ lé ọwọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà? Reese Witherspoon, òṣèré Hollywood, ló yan ìwé náà fún ẹgbẹ́ òǹkàwé rẹ̀ ní July 2022. Orúkọ Bánjọ wọ ilé àwọn tí kò tíì fojú rí Ìjẹ̀bú rí.

Ọ̀ṣun gan-an ló ṣí ìlẹ̀kùn ìwé tí Babalọlá kọ́kọ́ kọ! Ìtàn ìfẹ́ 13 ló wà nínú Love in Colour ti 2020, òrìṣà wa ló wà níwájú, “Alagomeji” tó wà lẹ́yìn pátápátá sì dá lórí bí ìyá àti bàbá òǹkọ̀wé náà ṣe fẹ́ra wọn.

Ṣé o mọ ohun tí Babalọlá yìí kan náà kọ ìwé àṣekágbá oyè kejì lé lórí ní yunifásítì? Àwo orin Lemonade ti Beyoncé! Ẹni tó bá ń sọ pé ìfẹ́ kì í ṣe ẹ̀kọ́, lọ sọ fún un.

Ọdún 31, ó jáde ní Oxford, iṣẹ́ wà, ilé ìjọsìn kò yẹ̀, síbẹ̀ gbogbo àǹtí ló ń gbàdúrà ọkọ fún un! Yínká Ọládèjì ti Peckham nìyẹn, nínú Yinka, Where Is Your Huzband? tí Lizzie Dàmilọ́lá Blackburn kọ ní 2022; bó ṣe ń wá ẹni tí yóò mú lọ síbi ìgbéyàwó ìbátan rẹ̀ ló ń ti inú ọ̀fìn kan bọ́ sí òmíràn.

Ìwé ìfẹ́ kan wà tó jẹ́ pé bó o kà á tán, o ò ní mọ orúkọ àwọn olólùfẹ́ méjèèjì. Open Water ni, Caleb Azumah Nelson kọ ọ́ ní 2021, “ìwọ” ló sì ń pe akọni rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bíi pé ìwọ tó ń kà á ni ìfẹ́ ń dà láàmú.

Queenie Jenkins, ẹni ọdún 25 ní London, máa ń yan ọkùnrin tí kò yẹ bíi pé ẹnì kan ń sanwó rẹ̀ fún un! Síbẹ̀ ìwé rẹ̀, Queenie, ló gba ẹ̀bùn Ìwé Tó Ta Yọ Jù ní Britain ní 2020, Candice Carty-Williams sì di òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí yóò gbà á.

Ìyá àgbà gbogbo ìwé ìfẹ́

Ṣé o mọ̀ pé ilé ìtẹ̀wé kan dá Pride and Prejudice padà láìtilẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò? Bàbá Jane Austen, òǹkọ̀wébìnrin tó ni ìwé náà, ló kọ lẹ́tà sí wọn ní 1797, wọ́n kọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì di 1813 kí Darcy, olólùfẹ́ inú rẹ̀, tó rí ayé.

Ó ń béèrè 150 pọ́n-ùn, 110 ni wọ́n fún un! Iye tí Austen gbà lórí Pride and Prejudice tí gbogbo ayé ń kà títí dòní nìyẹn, orúkọ rẹ̀ kò sì sí lára rẹ̀.

Pọ́n-ùn 10 péré ni Austen gbà ní 1803 lórí ìwé kan tí olùrà náà kó pamọ́ tí kò tẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lónìí ńkọ́? Ojú rẹ̀ ló wà lára owó pọ́n-ùn 10 ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 2017!

Ìyá gbogbo ìgbéyàwó inú ìwé kò lọ́kọ rí, ṣùgbọ́n ó ní àfẹ́sọ́nà fún alẹ́ kan ṣoṣo! Ní December 1802 ni Harris Bigg-Wither, ọmọ olówó, ní òun fẹ́ fẹ́ Austen. Ó gbà lálẹ́, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní òun ò ṣe mọ́.

Nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀ Emma, Austen ní òun fẹ́ dá ọmọbìnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò ní fẹ́ràn tó òun. Emma atojúbọ̀, ẹni ogún ọdún tó ń yan ọkọ fún gbogbo ayé tí kò mọ ti ara rẹ̀, wá di ọ̀kan lára àwọn tí òǹkàwé kò lè gbàgbé. Austen ta á tì!

Ta ló sọ pé arẹwà nìkan ló yẹ ìfẹ́? Charlotte Brontë sọ fún àwọn àbúrò rẹ̀ pé òun á kọ ìtàn ọmọbìnrin kékeré tí kò rẹwà ju òun alára lọ, ìyẹn náà ló bí Jane Eyre ní 1847, lábẹ́ orúkọ tí ẹnì kankan kò mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo: Currer Bell.

Scarlett O'Hara kọ́ lorúkọ rẹ̀ o! Nínú bébà tí Margaret Mitchell kọ́kọ́ kọ, Pansy ni agbéraga ọmọge inú Gone with the Wind ń jẹ́, ìgbà tó kù díẹ̀ kí ìwé náà lọ sí ilé ìtẹ̀wé ní 1936 ló tó pààrọ̀ rẹ̀.

Èyí á mú ọ rẹ́rìn-ín: Bridget Jones, ọmọbìnrin tó ń ka iye sìgá tó mu àti iye tó wúwo lójoojúmọ́, máa ń yán hànhàn fún Colin Firth tó ṣe Darcy lórí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí ìwé Helen Fielding náà di fíìmù ní 2001, ta ni wọ́n mú láti ṣe àfẹ́sọ́nà Bridget? Colin Firth!

Àwọn tó jáde kúrò nínú ìwé

Ìlú kan fòfin de aṣọ ẹ̀dá inú ìwé! Ẹ̀wù aláwọ̀ búlúù àti yẹ́lò ni Werther, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìfẹ́ dá lóró nínú ìwé tí Goethe kọ ní 1774, máa ń wọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń wọ̀ ọ́ káàkiri débi tí Leipzig fi ní kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ mọ́.

Ṣé o ti bẹ òǹkọ̀wé rí pé kó má pa ẹnì kan? Nígbà tí Clarissa ń jáde lápá-lápá ní 1747 sí 1748, obìnrin ọlọ́lá kan, Lady Bradshaigh, fi orúkọ ara rẹ̀ pamọ́ kọ lẹ́tà sí Samuel Richardson tó kọ ìwé náà, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ìfẹ́ náà yọrí sí ayọ̀. Bàbá kọ̀ jálẹ̀!

Dickens ní tirẹ̀ gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ìparí kan tó tutù ló kọ fún Pip àti Estella nínú Great Expectations. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ òǹkọ̀wé ní kò dára, ó sì yí i padà ní 1861 kí ó tó jáde.

Ìdí sìgá 4,213! Iye tí olólùfẹ́ kan ṣà pamọ́ nìyẹn nínú The Museum of Innocence ti Orhan Pamuk, gbogbo rẹ̀ sì wà lára ògiri mùsíọ́ọ̀mù gidi tí òǹkọ̀wé náà ṣí ní Istanbul ní 2012.

O fẹ́ wọ mùsíọ́ọ̀mù yẹn lọ́fẹ̀ẹ́? Gbé ìwé náà dání: tíkẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì lu òǹtẹ̀ lé e fún ọ lẹ́nu ọ̀nà.

Àga kan sọnù ní Amsterdam, gbogbo ayé gbọ́! Orí rẹ̀ ni Hazel àti Gus, ọ̀dọ́ méjì tí àrùn jẹjẹrẹ ń bá jà, jókòó sí nínú fíìmù The Fault in Our Stars. Ní 2014 ni àwọn olólùfẹ́ ìwé náà débẹ̀ tí wọn kò bá a.

Òǹkọ̀wé ìwé yẹn, John Green, fọwọ́ sí ìwé 150,000 pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, gbogbo ẹ̀dà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ní 2012 ni! Ìwọ tí o ń ráhùn nítorí fọ́ọ̀mù mẹ́ta ní báńkì, gbọ́ o.

Ṣéènì ọrùn ọmọkùnrin kan mú ju 70,000 yúrò wá! Connell inú Normal People ti Sally Rooney, ọmọ tó fẹ́ràn Marianne àmọ́ tójú ń tì láti jẹ́wọ́ rẹ̀ níléèwé, ló fi í sọ́rùn nínú eré tẹlifíṣọ̀n ní 2020. Òṣèré Paul Mescal fi ṣéènì náà ta tẹ́tẹ́ oríire fún ẹgbẹ́ aláàánú ní Ireland.

Iṣẹ́ ọ̀sán, ìfẹ́ alẹ́

Ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ọpọlọ èèyàn ló kọ The Love Hypothesis! Ali Hazelwood lorúkọ ìkọ̀wé rẹ̀. Àwọn ẹ̀dá inú fíìmù Star Wars ló kọ́kọ́ fi kọ ọ́, kó tó sọ wọ́n di Olive tó fẹnu ko ọkùnrin àkọ́kọ́ tó rí lẹ́nu, àti Adam, ọ̀jọ̀gbọ́n òǹrorò tí ẹnu náà bá.

Olóṣèlú tó du ipò gómìnà Georgia lẹ́ẹ̀mejì, Stacey Abrams, ti kọ ìwé ìfẹ́ 8 lábẹ́ orúkọ Selena Montgomery. Ìgbà tó wà níléèwé àwọn lọ́yà ní Yale ló kọ àkọ́kọ́ wọn!

Yale yìí kan náà ni Julia Quinn ti wọ kíláàsì àwọn dókítà, tó sì sá jáde lẹ́yìn oṣù díẹ̀ láti máa kọ ìwé ìfẹ́. Wo ohun tó bí: àwọn ìwé nípa ìdílé Bridgerton! Ka orúkọ àwọn ọmọ ilé náà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wò: Anthony, Benedict, Colin, Daphne; o ti rí i, A, B, C, D ni wọ́n ń tẹ̀ lé lọ.

Oníkéèkì ni Abby Jimenez. Ó ti gba ife-ẹ̀yẹ ìdíje kéèkì lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yan ìfẹ́ sórí bébà.

Ẹ̀dá inú ìwé ló fi òǹkọ̀wé han ara rẹ̀! Nígbà tí Helen Hoang ń kọ The Kiss Quotient nípa Stella, ọmọbìnrin tí ìṣirò yé ju èèyàn lọ nítorí pé ó ní ọ́tísìmù, ìgbà náà ni àyẹ̀wò fi hàn pé òun alára ní in.

Nítorí kí ìyá rẹ̀ lè rí i kà lórí Kindle ni Colleen Hoover, òṣìṣẹ́ ìtọ́jú aráàlú ní Texas, fi gbé ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní January 2012. Ìyá kan ló ń wá, mílíọ̀nù òǹkàwé ló dé!

Ìwé 23 lọ́dún kan! Barbara Cartland ló ṣe é ní 1976: orí àga gbọọrọ ló máa ń dùbúlẹ̀ sí, akọ̀wé rẹ̀ a máa kọ ohun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ó lé ní 700 kó tó jáde láyé ní 2000, lẹ́ni ọdún 98.

O rò pé ìyẹn pọ̀? Corín Tellado ti ilẹ̀ Spéènì kọ ju 4,000 ìtàn ìfẹ́ kéékèèké lọ!

Ṣé o mọ̀ pé ó di 1980 kí ilé ìtẹ̀wé ńlá kan ní Amẹ́ríkà tó tẹ ìwé ìfẹ́ tí aláwọ̀ dúdú kọ nípa olólùfẹ́ aláwọ̀ dúdú? Entwined Destinies ni, Elsie Washington ló kọ ọ́ lábẹ́ orúkọ Rosalind Welles, obìnrin aláwọ̀ dúdú mìíràn, Vivian Stephens, ló sì jà fún un nílé ìtẹ̀wé.

Ọmọdé ń kọ, àgbà ń kà

Ọmọ ọdún 15 ni Beth Reekles ní Wales nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé The Kissing Booth sórí ìkànnì Wattpad. Ó di ọmọ ọdún 17, ilé ìtẹ̀wé ńlá ti ń bẹ̀ ẹ́ fún ìwé mẹ́ta. Kí ni ìwọ ń ṣe ní ọdún 17?

Orí fóònù ni Anna Todd ti tẹ After, lórí ìlà tí wọ́n tò sí nílé ìtajà pàápàá! Harry Styles olórin ló fi ṣe àwòkọ́ṣe Hardin, ọmọkùnrin oníbìínú tó ń bani lọ́kàn jẹ́, wọ́n sì ti ṣí ìtàn náà kà ju bílíọ̀nù 1 ìgbà lọ.

Nínú ìwé àròsọ 10 tó tà jù ní Japan ní 2007, mélòó lo rò pé orí fóònù ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́? Márùn-ún! Ìtàn ìfẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Kí fóònù tó dé ńkọ́? Ọmọ ọdún 18 ni Françoise Sagan ní 1954 nígbà tí Bonjour Tristesse mì gbogbo ilẹ̀ Faransé tìtì, pẹ̀lú Cécile, ọmọ ọdún 17 tó ń dá ọ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí bàbá rẹ̀ má baà gbéyàwó.

Ka ọjọ́, ka wákàtí

Ọdún 51, oṣù 9 àti ọjọ́ 4! Bí Florentino Ariza ṣe dúró de Fermina tó nìyẹn nínú Love in the Time of Cholera ti Gabriel García Márquez. Má tíì pàtẹ́wọ́ o: ìbálòpọ̀ 622 ló kọ sínú àwọn ìwé kékeré rẹ̀ bó ti ń dúró.

Ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún ni David Nicholls jẹ́ kí o rí Emma àti Dexter nínú One Day: July 15, láti 1988 lọ fún ogún ọdún. Dexter mutí yó, Emma fi ara rẹ̀ pamọ́, ìwọ sì ń kígbe mọ́ bébà pé kí wọ́n sọ̀rọ̀!

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ti ń da gbogbo ayé láàmú láti 2012. Eleanor & Park ti Rainbow Rowell parí pẹ̀lú káàdì tí ọ̀rọ̀ mẹ́ta wà lára rẹ̀, òǹkọ̀wé kò sì kọ ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀; kí lo rò pé ó jẹ́?

Ẹ̀rọ agbéniròkè wúlò fún ìfẹ́ lóòótọ́! The Wedding Date tí Jasmine Guillory, tó jẹ́ lọ́yà, kọ ní 2018 bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ kan há mọ́ àlejò méjì. Kó tó dìgbà náà, The Elevator Kiss ti Amina Thula ti wà nínú ìwé mẹ́fà àkọ́kọ́ Ankara Press.

Èyí tí mo fi pamọ́ dẹ́yìn rèé, torí pé òun ni mo fẹ́ràn jù. Nínú A Moreninha tí Joaquim Manuel de Macedo, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Rio de Janeiro, gbé jáde ní 1844, Augusto ń fọ́nnu pé obìnrin kan kò lè gba òun lọ́kàn tó ọjọ́ 15. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́: bó bá kó sínú ìfẹ́ pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò kọ ìwé kan nípa rẹ̀.

Augusto pàdánù, àbí kí lo rò? Ó kọ ìwé náà lóòótọ́, àkọlé rẹ̀ sì ni A Moreninha, ìwé kan náà tó wà lọ́wọ́ rẹ! Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ń lérí pé kò sí ẹ̀dá inú ìwé tó lè gba òun lọ́kàn, fún un ní èyíkéyìí nínú àwọn alábùkù yìí kó kà fún ọjọ́ 15, kí o sì bá a ta tẹ́tẹ́. Ìwọ lo máa jẹ.